Ìkòkò Dada àti ibi tí kámẹ́rà kò rí

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù ní Tánkẹ́, nílùú Ìlọrin, níbi tó ti ń fi ẹ̀rọ tẹ nǹkan oníke jáde: jíà kékeré tó ti fọ́ nínú ẹ̀rọ, ìdérí rìmóòtù, àwòṣe ilé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ ilé yíyà. Ìbéèrè kan tó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tó fi ń tún mẹ́ṣì, ìyẹn ìrísí nǹkan nínú kọ̀ǹpútà, ṣe, pé kí wọ́n fi ohun tuntun kún un, ni mo fẹ́ kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ níbí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ètò náà. Ọ̀kan nínú àwọn ètò ọ̀fẹ́ tí kóòdù wọn ṣí sílẹ̀ ni, irú Blender àti MeshLab, tí ẹni tó ń lò ó lè bá àwọn tó ń kọ ọ́ sọ̀rọ̀ tààrà. Èmi ni mo ń bá a ka lẹ́tà rẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́, nítorí náà ojú mi ni ọ̀rọ̀ náà ṣe yí padà láti orí ohun kan sí òmíràn.

Iṣẹ́ tó fa gbogbo rẹ̀ wá láti Dada, ní Òkèlele, níbi tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò láti ìran dé ìran. Obìnrin oníṣòwò kan, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ amọ̀kòkò níbẹ̀, ló wá bá a. Ìyá ti dàgbà, ọwọ́ rẹ̀ kò sì le tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọmọ wá ní kí wọ́n ya àwọn ìkòkò tó kù nílé sínú kọ̀ǹpútà kí oníbàárà tó rà wọ́n tán, kí àwọn ọmọ-ọmọ lè máa yí iṣẹ́ ìyá àgbà wò lójú fóònù, kí wọ́n sì tẹ kékeré kan jáde tí wọ́n lè gbé sórí tábìlì.

Bí wọ́n ṣe ń mọ ìkòkò wọ̀nyí ṣe pàtàkì, torí ibẹ̀ ni ìṣòro ti yọjú. Wọ́n á dojú ìkòkò àtijọ́ kan dé, wọ́n á na amọ̀ mọ́ ọn nídìí títí amọ̀ yóò fi mú ìrísí rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi amọ̀ tí wọ́n yí gbọọrọ mọ ara àti ọrùn rẹ̀ sókè. Kí amọ̀ tó gbẹ, wọ́n á yí ṣùkù àgbàdo tàbí igi tí wọ́n fín lórí rẹ̀, ọnà á sì hàn yí èjìká ìkòkò ká. Tí iná bá ti jó o tán, tó ṣì gbóná, wọ́n á wọ́n omi tí wọ́n fi èèpo irúgbá sè sí i lára. Omi yìí ló ń mú kí ìkòkò dúdú kó sì máa dán.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kò ní ẹ̀rọ lésà tó ń wọn ìrísí nǹkan. Fóònù ló fi ń ya fọ́tò yípo ìkòkò. Ètò kan á wo àwọn fọ́tò náà, á wá ohun tó jọra láti ọ̀kan dé èkejì, á ṣírò ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan wà ní ayé gidi, á sì gbé àìmọye póíǹtì kalẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ètò mìíràn á so àwọn póíǹtì pọ̀ ní onígun mẹ́ta kéékèèké tó fara kan ara wọn. Àkójọ onígun mẹ́ta wọ̀nyí ni mẹ́ṣì.

Ohun tó ń dán máa ń da ọ̀nà yìí rú. Dídán kì í dúró lójú kan lára ìkòkò. Bí kámẹ́rà bá ṣí, òun náà á ṣí. Ètò á rò pé ara ìkòkò ni, á wá a nínú fọ́tò tó tẹ̀ lé e, kò sì ní bá a níbi tó yẹ kó wà. Ibi tó ń dán jù lára ìkòkò Dada ni èjìká, èjìká náà sì ni ọnà wà. Ibẹ̀ ni póíǹtì kò ti sí. Inú ọrùn ṣókùnkùn, ìdí ìkòkò sì wà nílẹ̀, àwọn méjèèjì náà kò ní póíǹtì.

Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe é. Ó ní kí ètò bo àwọn póíǹtì náà, ó tẹ ibi tí a fi ń dí ihò, ó dín onígun mẹ́ta kù kí fóònù lè gbé e, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó sì gbé e lọ sí Dada. Gbogbo ilé ń yọ̀. Ìyá gbà á lọ́wọ́ wọn, ó fi ìka rìn yí èjìká rẹ̀ ká, ìka náà sì dúró níbì kan.

“Ọmọ mi, ta ló mọ ibí yìí?”

“Ìyá, ìkòkò yín náà ni. Láti inú fọ́tò tí mo yà lọ́jọ́ yẹn ni.”

“Kì í ṣe ọwọ́ mi nìyí. Èmi kì í fi èjìká ìkòkò sílẹ̀ jọ̀lọ̀ báyìí láì yí ṣùkù lé e.”

Wọ́n gbé ìkòkò gidi wá. Ọnà wà níbẹ̀ lódindi. Ara àwòṣe oníke nìkan ni ibẹ̀ ti jọ̀lọ̀, fífẹ̀ rẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, etí rẹ̀ sì pòórá mọ́ ọnà tó yí i ká débi pé ẹni tí kò mọ ìkòkò náà kò lè sọ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ó padà sí Tánkẹ́, ó sì kọ lẹ́tà àkọ́kọ́. Ohun tó béèrè ni pé kí ètò kọ́ bí a ṣe ń dí ihò pẹ̀lú ọnà: kó wo ọnà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò, kó sì fi irú rẹ̀ kún ibẹ̀. Ó fi sí mi kí n kà á. Mo bi í pé bí ètò bá ṣe é dáadáa débi pé Ìyá gan-an fi ìka kàn án tí kò mọ̀, ṣé ọwọ́ Ìyá ni yóò jẹ́? Ìkòkò yìí ni àwọn ọmọ-ọmọ fẹ́ fi mọ bí ìyá àgbà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ṣùkù tí Ìyá yí lè ti yẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀, ó lè ti gbé e sókè kó tó tún bẹ̀rẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ ara iṣẹ́ rẹ̀. Ọnà tí ètò bá dá sí ibẹ̀ yóò pa á rẹ́ pátápátá.

Ẹni tó bá ti dé Èsìẹ́, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, yóò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí níbẹ̀ ní 1945 ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ère òkúta tó wà níbẹ̀ sì lé ní 800. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni orí ti kúrò lọ́rùn wọn tàbí tí ojú wọn ti ṣẹ́. Tí a bá ya ọ̀kan tí ètò sì fi imú sí i lójú láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ọmọ ilé ìwé tó jókòó sí Òmù-Àrán tó ń wò ó lórí fóònù yóò gbà pé ẹni tó gbẹ́ ère náà ló gbẹ́ imú yẹn. Kò sí ohun tó máa sọ òtítọ́ fún un.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ kò lọ. Èyí tó lọ béèrè pé kí onígun mẹ́ta èyíkéyìí tí ètò fi dí ihò gba àmì tí kò ní kúrò lára rẹ̀.

Èsì dé, kò sì gùn. Ẹni tó dáhùn sọ pé ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ ti wà: tí ètò bá ti dí ihò tán, yóò fi àwọn onígun mẹ́ta tuntun sílẹ̀ ní yíyàn, a sì lè sọ yíyàn yẹn di àwọ̀ tàbí nọ́ńbà. Ó wá ní kí ó jọ̀wọ́ kọ ìgbésẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti fọ́tò títí dé ìgbà tó tẹ̀ ẹ́ jáde, kó sì fi fáìlì kékeré kan tó fi ìṣòro náà hàn ránṣẹ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bínú. Lójú tirẹ̀, wọ́n ń sọ fún un pé kò mọ ètò tó ń lò. Mo ti rí irú ìbínú yìí lára ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ìbéèrè ránṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ wa níbí, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì dáhùn mọ́. Ìbéèrè wọn wà níbẹ̀ títí di òní láìní èsì kejì. Ẹni tó ń béèrè ìgbésẹ̀ rẹ ti ń bá ọ ṣiṣẹ́. Mo ní kó kọ ọ́.

Kíkọ tó kọ ọ́ ló tú àṣírí. Bó ṣe ń kọ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i lórí fáìlì ìkòkò yẹn. Nígbà tó dé ibi tí a fi ń dí ihò, ó tẹ̀ ẹ́, ó wo onígun mẹ́ta tí ètò fi sílẹ̀ ní yíyàn bí wọ́n ṣe sọ. Wọ́n wà ní etí ìsàlẹ̀, níbi tí ìdí ìkòkò ti já. Ibi tí Ìyá fi ìka tẹ̀ ní èjìká kò ní àmì kankan. Lójú ètò náà, kò fìgbà kan sí ihò níbẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ni pé ihò náà ti dí kó tó dé ọ̀dọ̀ bọ́tìnnì tí a fi ń dí ihò. Ọ̀nà tó lò láti bo póíǹtì ni èyí tí wọ́n ń pè ní Poisson, tí Michael Kazhdan, Matthew Bolitho àti Hugues Hoppe gbé jáde ní 2006, tí Kazhdan àti Hoppe sì tún ṣe ní 2013. Ọ̀nà yìí kì í so póíǹtì mọ́ póíǹtì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń wo gbogbo póíǹtì pa pọ̀, àti ìhà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjú sí, á wá ṣírò ojú kan ṣoṣo tó bá gbogbo wọn mu. Níbi tí póíǹtì kò bá sí, ojú náà á ṣì kọjá, á gba ibi tó jọ̀lọ̀ jù lọ. Ohun tó mú kí àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn, torí mẹ́ṣì tó bá jáde níbẹ̀ máa ń dí fún ẹ̀rọ ìtẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tẹ bọ́tìnnì kankan pé kó dá nǹkan sí èjìká ìkòkò.

Bí wọ́n bá ti fún un ní ohun tó béèrè nínú lẹ́tà yẹn, ìdí ìkòkò ni yóò gba àmì, èjìká yóò sì máa parọ́ lọ. Inú rẹ̀ ìbá sì dùn, torí pé wọ́n dá a lóhùn.

Ibẹ̀ ni ìbéèrè ti yí padà. Ohun tó yẹ kó béèrè ni báwo ni ibi kọ̀ọ̀kan lára mẹ́ṣì ṣe jìnnà sí póíǹtì gidi tó súnmọ́ ọn jù lọ. Nọ́ńbà kan ni ìyẹn, orígun onígun mẹ́ta kọ̀ọ̀kan lè ní tirẹ̀. Níbi tí fọ́tò ti rí ìkòkò dáadáa, nọ́ńbà náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Ní àárín ibi tó jọ̀lọ̀ ní èjìká, á tóbi. Ètò náà sì ti ní irinṣẹ́ tó ń wọn jíjìnnà báyìí tó sì ń fi í pamọ́ sí orígun. Ó gbìyànjú rẹ̀, ó fi àwọ̀ hàn án, ibi tí Ìyá fi ìka tẹ̀ sì yọ pupa gedegbe láàárín búlúù. Ó yà á ní fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí mi lóru.

Ó kù díẹ̀ kó sọ pé kò ní ìbéèrè mọ́. Ṣùgbọ́n mẹ́ṣì tó jáde láti Poisson ní onígun mẹ́ta tó ju mílíọ̀nù kan lọ, fóònù àwọn ọmọ-ọmọ kò sì lè gbé e. Ó ní láti dín in kù. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ètò ń gbà dín in kù wá láti inú iṣẹ́ Michael Garland àti Paul Heckbert ní 1997: ètò á wá etí onígun mẹ́ta tí yíyọ rẹ̀ kò ní yí ìrísí náà padà púpọ̀, á sọ orígun méjèèjì tó wà ní ìpẹ̀kun etí yẹn di ọ̀kan, á tún wá òmíràn. Ibi tó tẹ́ jù, tó jọ̀lọ̀ jù, ni etí ti máa ń kọ́kọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀, ibi tó jọ̀lọ̀ jù lára ìkòkò yìí ni ibi tí ètò dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ibi tí a nílò àmì jù lọ ni orígun tó ń gbé àmì ti ń kọ́kọ́ parẹ́.

Nígbà tí orígun méjì bá di ọ̀kan, nọ́ńbà ta ni yóò kù? Nínú ètò yìí, ti orígun tó bá ṣẹ́ kù ni, yálà ó tóbi tàbí ó kéré. Kò sí ẹni tó ronú pé ó ṣe pàtàkì. Ìbéèrè gidi nìyí, ó sì wọ inú gbólóhùn kan: nígbà tí orígun méjì bá di ọ̀kan, kí nọ́ńbà tó tóbi jù kù. Tí a bá fi àmì sí ibi tó jẹ́ òtítọ́, ẹni tó ń wò ó kàn máa tún un wò ni. Tí a bá yọ àmì kúrò níbi tí kì í ṣe òtítọ́, a ti fi ọwọ́ ẹlòmíràn pe ọwọ́ Ìyá.

Ó kọ ọ́ báyìí, ó sì fi kún un pé ìwé àdéhùn tí wọ́n ń pè ní London Charter, ẹ̀dà ti 2009, ti ní kí ẹni tó ń wo àwòrán kọ̀ǹpútà nípa ohun àtijọ́ lè mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀rí àti èyí tó jẹ́ àbá. Ìyẹn kì í ṣe láti fi ẹ̀rù ba ẹnikẹ́ni. Ó jẹ́ kí àwọn tó ń kọ ètò rí i pé ìbéèrè náà kan àwọn mìíràn yàtọ̀ sí ọkùnrin kan ní Ìlọrin.

Ìbéèrè tó padà wá ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, torí ìbéèrè ẹni tó kà á dáadáa ni. Wọ́n ní: kí ló dé tí o kò dín in kù tán kí o tó wọn jíjìnnà? Póíǹtì gidi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ. Wọ̀n ọ́n ní ìparí, kò ní sí ìdí láti gbé nọ́ńbà kankan la ìgbésẹ̀ kọjá.

Ọ̀rọ̀ wọn mọ́gbọ́n dání, èmi náà sì rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Òun ló ní kí a dán an wò. Ó ṣe fáìlì kékeré kan: pátákó pẹlẹbẹ tó kún fún póíǹtì, ó pa àwọn póíǹtì àárín rẹ̀ rẹ́, ó fi Poisson bò ó, ó dín in kù gan-an, lẹ́yìn náà ló wá wọn jíjìnnà. Gbogbo pátákó náà yọ búlúù, ihò àárín pòórá. Onígun mẹ́ta gígùn díẹ̀ ló na ara wọn bo àárín náà, gbogbo orígun wọn sì wà ní etí ihò, níbi tí póíǹtì gidi wà. Orígun kọ̀ọ̀kan sọ òtítọ́ nípa ara rẹ̀, inú onígun mẹ́ta náà sì jẹ́ òfìfo tí kò sí ẹni tó yà á. Ó tún un ṣe, lọ́tẹ̀ yìí ó fi Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kọ ọ́ kí nọ́ńbà tó tóbi jù máa kù ní gbogbo ìgbà tí orígun méjì bá di ọ̀kan. Àárín pátákó yọ pupa, etí rẹ̀ náà sì pupa díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Fáìlì méjì yẹn, pẹ̀lú àwòrán wọn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ló yanjú ọ̀rọ̀. Kò tún sí ẹni tó bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ẹnìkan nínú àwọn tó ń fi ọ̀fẹ́ kọ ètò náà fi ohun tó béèrè sínú ojú ìwé tí a fi ń dín mẹ́ṣì kù, gẹ́gẹ́ bí àpótí tí èèyàn lè fi àmì sí tó bá fẹ́. Bí wọn kò ṣe tan án fún gbogbo èèyàn dára lójú mi, torí kò wúlò fún ẹni tó kàn ń tẹ jíà jáde.

Ohun kan wà tí wọn kò gbà. Ó fẹ́ kí ètò kìlọ̀ fún èèyàn nígbàkígbà tó bá ń fi mẹ́ṣì pamọ́ sí STL, irú fáìlì tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ìtẹ̀ ń lò. Nínú STL oní-báínárì, báìtì 50 ni onígun mẹ́ta kọ̀ọ̀kan ní: 48 fún ìhà tó kọjú sí àti orígun mẹ́ta rẹ̀, 2 tó kù kò sì ní ìlò tí gbogbo ètò fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Kò sí àyè fún nọ́ńbà jíjìnnà, nítorí náà àmì yóò kú níbẹ̀. PLY, irú fáìlì mìíràn tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Stanford ní àárín àwọn ọdún 1990, gbà kí a fi òpó tuntun kún un bó ṣe wù wá. Èsì wọn ni pé gbogbo ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ìtẹ̀ ni yóò máa rí ìkìlọ̀ náà lójoojúmọ́, wọn ò ní pẹ́ tí wọ́n á máa pa á dé láìkà á. Inú rẹ̀ kò dùn sí i. Èmi gbà pé wọ́n ṣe ohun tó tọ́.

Ní Dada, wọ́n tún èjìká ìkòkò yẹn yà ní òwúrọ̀ tí kùrukùru bo ojú ọjọ́, lábẹ́ ìbòji, tí dídán rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le. Ọ̀pọ̀ jù nínú ihò náà kò sí mọ́. Ìyẹn náà wà lára ìtọ́jú ọ̀rọ̀ yìí: kò sí ohun tuntun nínú ètò tó lè rọ́pò fọ́tò tó dára. Ṣùgbọ́n inú ọrùn ìkòkò ṣì ṣókùnkùn síbẹ̀, àwọ̀ pupa sì wà níbẹ̀ nínú fáìlì, ẹni tó bá ṣí i yóò rí i. Nígbà tó fi han Ìyá lójú fóònù, ó bi í pé kí ni pupa yẹn. Ó ní, “Ìyá, ibi tí mi ò rí ni.” Ìyá ní kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Fún àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Ìlọrin, Ọ̀fà tàbí níbikíbi, tí wọ́n sì fẹ́ béèrè ohun tuntun lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ ètò: ẹ kọ ìgbésẹ̀ yín sílẹ̀ kí ẹ tó kọ ohun tí ẹ fẹ́, kí ẹ sì ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i bí ẹ ṣe ń kọ ọ́, torí ibi tí ẹ rò pé nǹkan ti bàjẹ́ lè má jẹ́ ibẹ̀. Ẹ fi pátákó pẹlẹbẹ ránṣẹ́, ẹ má fi odidi ìkòkò ránṣẹ́. Fáìlì kékeré ni ẹni tí kò mọ̀ yín yóò ṣí. Ìbéèrè kan ni kí ẹ fi sínú lẹ́tà kan. Bí wọ́n bá sọ pé ọ̀nà mìíràn wà, ẹ dán ọ̀nà wọn wò ní tòótọ́, kí ẹ sì fi ohun tó jáde hàn wọ́n, yálà ó dára tàbí kò dára. Ẹ má sì pa póíǹtì tí ẹ kọ́kọ́ rí láti inú fọ́tò rẹ́, bí ó ti wù kí àyè inú láàpútọ́ọ̀pù kéré tó, torí láìsí wọn kò sí ohun tí ẹ lè fi wọn jíjìnnà kankan lọ́la.